Ojú Tí Ìyá Mi Fi Ń Wo Aṣọ

Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀ ni ìyá mi ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n á na aṣọ síwájú iná, wọ́n á wo ibi tó nípọn àti ibi tó fẹ́lẹ́.

Tèmi ni kí n máa wo ìmọ́lẹ̀ kúésà, iná ńlá tó jìnnà réré lójú ọ̀run. Gáàsì háídírójìn tútù tó bá wà lójú ọ̀nà máa ń gbé díẹ̀ mì nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Èyí tó bá dín la fi ń mọ bí gáàsì ṣe pọ̀ tó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nílé wa ní Èjìgbò, mo rí àlàfo dúdú kan tó fẹ̀ gan-an láàárín ìmọ́lẹ̀ kúésà kan lórí kọ̀ǹpútà mi. Mo pòṣé, mo ní ẹ̀rọ ti tún ba iṣẹ́ jẹ́, mo sì fẹ́ pa á rẹ́. Màámi na ọrùn wò ó.

"Ṣé iná ló kú ni, àbí aṣọ ló nípọn?"

Iná ò kú. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣì ń tàn. Gáàsì ló kún àárín bámúbámú. Mo ń ṣàlàyé tayọ̀tayọ̀ nígbà tí wọ́n dá mi dúró.

"Gbogbo ọdún tí o fi jókòó sí yunifásítì, iṣẹ́ tí mo fi bọ́ ẹ náà lo lọ kọ́!"