Merle Trezise àti Àwọn Òrùlé Tí Ẹnikẹ́ni Ò Fẹ́ Gùn

Bí ẹ bá dé etí òkun Moonta, ìlú wa ní gúúsù Australia, lówùúrọ̀, tí ẹ gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń pàṣẹ fún ọkùnrin fìrìgbọ̀n pé kó dá akàn kékeré tó mú padà sínú omi kíá, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ẹni tó ni ohùn náà. Merle Trezise ni. Ohùn yẹn kan náà ló fi tọ́ èmi àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi nígbà tó ń ta oúnjẹ ọ̀sán nílé ẹ̀kọ́ wa. Ọmọ tó bá ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ìlà, ẹ̀yìn pátápátá ló ń lọ. Ọmọ tí wọn kò fún ní nǹkan kan láti ilé, Merle á ti páì gbígbóná bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, á sì lejú mọ́ ọn bí ẹni pé ó ṣẹ̀ ẹ́, kí àwọn tó kù má baà fura.

Clem lorúkọ ọkọ rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ni Clem ń wà, ó ń kó ọkà bálì lọ sí èbúté Wallaroo, títí àìsàn kan fi wọ inú iṣan rẹ̀. Àìsàn náà kórìíra ooru. Bí oòrùn bá ti mú, ẹsẹ̀ Clem á di omi, ojú rẹ̀ á máa rí nǹkan ní méjì-méjì. Ní ilẹ̀ tiwa yìí, tí atẹ́gùn oṣù Jánúárì máa ń jáde láti àríwá bí ìgbà tí èèyàn ṣí ilẹ̀kùn ààrò, ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣe fáàrí nílé wọn. Oògùn ni. Nítorí rẹ̀ ni Merle ṣe pe Gavin Rowett, ọmọ Wallaroo tó ń ṣe iṣẹ́ iná, pé kó wá to sólà sórí òrùlé wọn. Gavin ṣe é, ó mọ́, ó gún régé, Clem sì ń jókòó sínú òtútù láti àárọ̀ dalẹ́ láìsí ìfòyà.

Lọ́jọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, Merle ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí ojú rẹ̀ lọ sára ínfátà, àpótí ara ògiri tó ń sọ agbára oòrùn di iná tí ilé lè lò. Àwọ̀ ewé ni iná ara rẹ̀ máa ń jẹ́. Lọ́jọ́ náà, ó pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún. Ilé kò ṣókùnkùn o, iná orí òpó ṣì ń wọlé, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí amúlétutù ń jẹ ti di ohun tí wọ́n ń rà. Merle pe Gavin. Fóònù kò lọ. Ó pè é títí, ó sú u, ó wọ mọ́tò, ó di ṣọ́ọ̀bù Gavin ní Kadina.

Pátákó orúkọ ti kúrò lókè ilẹ̀kùn. Nínú ṣọ́ọ̀bù, obìnrin kan ń fọ ajá nínú agbada ńlá.

"Gavin lẹ ń wá," obìnrin náà wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ẹ ò mú ajá dání. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó ti kógbá sílé. Gbogbo èèyàn ló ń wá bú mi nítorí rẹ̀. Lánàá, ẹnìkan tiẹ̀ bú ajá."

Merle kò bú ẹnikẹ́ni. Ó bá a di ajá mú títí tó fi fi omi ṣan ọṣẹ tán, ó sì padà sílé, ó gbé fóònù. Ó pe ọ́fíìsì tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ní Adelaide. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fetí sílẹ̀ dáadáa dá a lóhùn.

"Merle, ẹ gbọ́ mi yé. Ẹni tó so ó fún yín ló kógbá sílé. Àwọn tó ṣe ínfátà fúnra wọn ṣì wà. Ìlérí tí wọ́n ṣe pé àwọn á pààrọ̀ rẹ̀ bó bá bàjẹ́ ò bá ti Gavin lọ. Àwọn ni kẹ́ ẹ dì mú."

Merle dì wọ́n mú. Àwọn tó ṣe ínfátà náà ní ọ́fíìsì ní Melbourne, wọn ò sì bá a jiyàn. Wọ́n ní àwọn á fi tuntun ránṣẹ́, bí oníṣẹ́ iná tó ní ìwé àṣẹ bá ti lè yẹ ti àtijọ́ wò, kó sì jẹ́rìí pé òun fúnra rẹ̀ ló kú, pé kì í ṣe wáyà ló pa á. Ibẹ̀ ni okùn ti já. Oníṣẹ́ iná tí Merle kọ́kọ́ pè ní òun ò fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹlòmíì. Èkejì ní òun ń bọ̀, a ò rí i títí di òní. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Renzo Caporale ti Port Pirie tó jìnnà sí wa, ló sọ òótọ́ fún un.

"Ìyáàfin, mi ò ní tàn yín. Mi ò mọ ibi tí ọkùnrin yẹn gba wáyà rẹ̀ kọjá lábẹ́ páànù. Tí mo bá fọwọ́ kàn án lónìí, tó jóná lọ́la, èmi ni gbogbo ayé á nawọ́ sí."

Merle ní òun gbọ́. Kò bínú sí i, torí òun náà mọ̀ pé ọbẹ̀ tí ẹlòmíì ti fi iyọ̀ sí ṣòro fún èèyàn láti tún ṣe.

Inú ilé wọn ni ohun tó dé bá a lẹ́yìn ìyẹn ti ṣẹlẹ̀. Clem ti ń ro bí iná tí wọ́n ń rà ṣe ń gun òkè. Bí Merle bá ti jáde, yóò nawọ́ pa amúlétutù. Bó bá gbúròó mọ́tò, yóò tàn án padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ ọ̀dà ojú títì, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o mọ́. Merle wọlé, ó bá a nílẹ̀ láàárín àga àti tábìlì, ilé gbóná janjan. Ó kígbe pè mí ní òdìkejì títì tí mò ń gbé, mo sáré dé.

"Ta ló pa amúlétutù yìí?" Merle bèèrè, bó ti ń ki ọwọ́ sí abíyá ọkọ rẹ̀.

"Atẹ́gùn ni."

"Atẹ́gùn tó ní ìka!"

"Kò sóhun tó ṣe mí, Merle. Mo kàn ń wo abẹ́ tábìlì ni. O ò gbálẹ̀ ibí yìí dáadáa."

Èmi rẹ́rìn-ín. Merle náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ń bọ́ lójú rẹ̀. A gbé Clem sórí àga, a fi aṣọ tútù nù ún lára. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, Merle jáde wá síta, ó dúró, ó ń wo òrùlé wọn. "Ẹnìkan ṣoṣo ló mọ ohun tó wà lókè yẹn," ó wí fún mi. "Mo sì mọ ilé rẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì ó lọ kan ilẹ̀kùn Gavin ní Wallaroo. Leanne, ìyàwó Gavin, ló yọjú.

"Gavin ò sí nílé."

"Bàtà rẹ̀ rèé lẹ́nu ọ̀nà, Leanne. Àbí ẹsẹ̀ lásán ló fi jáde?"

"Ẹ dákun, Merle. Ó ti tó. Wọ́n ti sọ ẹyin lu fèrèsé wa. A ò lè lọ wo bọ́ọ̀lù mọ́."

"Ọmọ mi, mi ò mú ẹyin wá."

Gavin gbọ́ láti inú pálọ̀, ó jáde wá. Ó ti gbẹ, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀. Ó ní kí Merle sọ èyí tó bá fẹ́ sọ, pé òun ti gbọ́ gbogbo èébú tán, kò sí èyí tó lè jẹ́ tuntun.

"Màá bú ẹ tó bá yá," Merle wí. "Ní báyìí, ibi tí wáyà gbà ni mo ń bi ẹ́."

Gavin jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Ó ní láti ìgbà tí nǹkan ti dẹnu kọlẹ̀, kò sẹ́ni tó bi òun ní ìbéèrè tí òun lè dáhùn. Ó ní òun ò lè fọwọ́ ara òun ṣe iṣẹ́ sólà mọ́ ní báyìí, ilé iṣẹ́ adójútòfò tó ń dúró fún òun bí ewu bá ṣẹlẹ̀ ti yọwọ́. Ṣùgbọ́n òun lè dúró nílẹ̀, kí òun máa sọ fún ẹni tó wà lókè.

Ẹnu ọ̀nà Gavin níbẹ̀ ni Merle ti pe Renzo.

"Renzo, bí ẹni tó so ó bá dúró nídìí àkàbà, ṣé wàá gùn ún?"

"Bó bá dúró níbẹ̀, màá gùn ún. Àmọ́ láti Port Pirie wá, nítorí ilé kan ṣoṣo?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ilé kan ni?"

Kò tíì sí ilé kejì nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá a. Ó ń wo òrùlé káàkiri, ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń béèrè àwọ̀ iná ara ínfátà wọn. Ó kó gbogbo wa tí Gavin ti to sólà fún jọ sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn tó ń yí bọ́ọ̀lù lórí koríko, ó sì ní kí Gavin náà wá. Bí Gavin ṣe wọlé, Barrie Hocking, àgbẹ̀ olórí kunkun kan, fò dìde.

"Èmi ò bá olè jókòó!"

"Barrie," Merle wí, "ṣé ìbínú rẹ ń tan iná?"

"Rárá."

"Ṣé ó ń mú yàrá tutù?"

Àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa. Gbé e sílẹ̀ ká kọ́kọ́ rí ohun tó ń ṣiṣẹ́. Tá a bá ṣe tán, kí o padà wá gbé e. Mi ò ní bá ẹ dù ú."

Barrie jókòó. Gavin dúró níwájú wa, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó ní òun gba iṣẹ́ ju agbára òun lọ, òun sì tijú láti sọ fún wa títí òwò fi wó. Ó ní ilé tí a bá ní kí òun wá, òun á wá. Ó jókòó. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò sì jáde.

Renzo dé lọ́jọ́ tí ooru rọ̀ díẹ̀. Láti ilé dé ilé ni wọ́n ń lọ, Renzo lókè, Gavin nílẹ̀, Merle níwájú àwọn méjèèjì bí ọ̀gá ọlọ́pàá. "Ó gba apá ọ̀tún ihò èéfín, ó wọlẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwẹ̀," Gavin á wí, bẹ́ẹ̀ náà ni Renzo sì ń bá a. Nílé Merle, wáyà kò ní àléébù kankan, ínfátà ló kú fúnra rẹ̀. Renzo jẹ́rìí sí i.

Ilé Barrie ni ọ̀rọ̀ ti le. Renzo sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìsopọ̀ wáyà kan tó ti jóná dúdú lọ́wọ́. Ó nà án sí Gavin. Ó rọrùn fún Gavin láti ní eku ló jẹ ẹ́.

"Èmi ni," Gavin wí. "Mi ò fún un le. Mò ń kánjú lọ sílé mìíràn lọ́jọ́ náà. Barrie, ó lè jó ilé rẹ. Má bínú."

Barrie yí padà. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn gbàgà. Gbogbo wa rò pé ọjọ́ ti bàjẹ́. Kò pẹ́, ó fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn ṣí, ó gbé tíì jáde, àwọn ife lórí àwo. Ó gbé ọ̀kan fún Gavin. "Ṣúgà ńkọ́?" ló bi í, ó ń bojú jẹ́ bí i ti tẹ́lẹ̀.

Àwọn ará Melbourne mú ìlérí wọn ṣẹ. Ínfátà tuntun dé, Renzo so ó, Gavin dúró tì í. Nígbà tí iná ara rẹ̀ tàn bí ewé, Merle kò hó, kò jó. Ó kàn lọ tẹ amúlétutù, ó sì dúró ti Clem títí yàrá fi tutù. Renzo sọ fún Gavin pé ẹni tó mọ òótọ́ sọ dùn ún bá ṣiṣẹ́, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Port Pirie. Ibẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ báyìí. Àwọn kan ṣì wà ní Moonta tí kì í kí i. Leanne ti padà síbi bọ́ọ̀lù.

Ohun kan wà tí Merle ò rí ṣe. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà, Ida àti Winsome Nankivell, tó ti dàgbà, tí ínfátà tiwọn náà kú, ṣùgbọ́n tí àwọn tó ṣe é ti kógbá sílé. Kò sẹ́ni tí wọ́n lè dì mú. Merle pe ibi gbogbo tí èèyàn lè pè. Nígbà tó dájú pé kò sọ́nà, ó lọ sọ fún wọn fúnra rẹ̀, kò rán ẹnikẹ́ni. Ó sì fi kún un pé láti ìgbà náà lọ, bí ooru bá ti mú, ilé òun ni kí wọ́n wá jókòó sí, pé bí wọn ò bá wá, òun á wá fi mọ́tò kó wọn bí ọ̀dọ́ àgùntàn.

Wọ́n ń wá. Bí mo bá kọjá níwájú ilé náà lọ́sàn-án, mo máa ń gbọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń ta káàdì pẹ̀lú Clem.

"Merle!" Clem á pariwo. "Àwọn obìnrin yìí ń rẹ́ mi jẹ!"

"A ò rẹ́ ẹ jẹ, Clem," Winsome á wí. "O ò mọ̀ ọ́n ta ni."

Merle á dáhùn láti ilé ìdáná pé kí wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́ dáadáa, páì máa tó jinná.