Ọ̀yà Barnabé Tó Gun Ọ̀pẹ

Bí ẹ bá dé Odomèta tí ẹ béèrè Barnabé, wọ́n á bi yín pé Barnabé wo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Barnabé Èéfín, ọmọdé tó ń fa ikun nímú pàápàá á nawọ́ sí ilé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ ní Èéfín o, ìbọn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá yìnbọn, èéfín á bo oko bí ẹni pé wọ́n ń jó igbó. Àwọn ènìyàn á dúró kí èéfín náà lọ, kí wọ́n lè rí ẹran tó kú. Èéfín á lọ, Barnabé nìkan ni wọ́n á rí.

Àgbẹ̀ ni ní ti iṣẹ́. Ó ní ẹ̀gẹ́, ó ní àgbàdo, ebè rẹ̀ gún régé, kò sí ẹni tó lè pè é ní ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní àgbẹ̀ lójú ara rẹ̀. Ọdẹ ni. Gbérí ọdẹ ló ń wọ̀ lọ sọ́jà, gbérí ló ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ rẹ̀, Fẹ́milọ́lá, gbérí náà ló wọ̀ dé iwájú pẹpẹ, tí fáda fi bi í bóyá ẹran kan ló sá wọ ilé Ọlọ́run.

Ìbọn tó sọ ọ́ di ọdẹ yìí kì í ṣe ṣakabùlà gígùn tí àwọn ọdẹ yòókù ń gbé kọ́ èjìká. Ìbọn ìléwọ́ ni, kò gùn ju láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ lọ. Bàbá bàbá rẹ̀, tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ tó tún jẹ́ ọdẹ, ló fi irin ìdarí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti kú rọ ọ́, ó sì fi igi àpá ṣe ìdìmú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń kì í. Wọ́n á da ẹ̀tù sí i, wọ́n á ki àkísà bọ̀ ọ́, ọta á tẹ̀ lé e, àkísà á tún dé e lórí, wọ́n á wá fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó le. Ọ̀pá ìkìbọn nìyẹn. Bí wọ́n bá ti gún un tán, wọ́n á yọ ọ̀pá kúrò. Gbogbo ọdẹ ló mọ̀ pé wọ́n ń yọ ọ́ kúrò.

Bàbá àgbà mọ ìdí tó fi rọ ìbọn kúkúrú. Ó ní ẹni tó mọ ẹsẹ̀ gbé, tó lè sún mọ́ ẹran débi tí á fi máa rí i bó ṣe ń ṣẹ́jú, kí ló fẹ́ fi ìbọn gígùn ṣe? Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ Barnabé kò lè sún mọ́ ẹran, torí pé Barnabé kò lè dákẹ́. Bí kò bá bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, á bá ìbọn sọ̀rọ̀. Bí ó bá rí ipasẹ̀ ẹtu, á ní, "Ẹ̀hẹ́n! Ibí lo gbà!" Ẹtu á gbọ́, á sì gba ibòmíràn.

Òfin kan sì wà lórí ìbọn náà, torí kì í ṣe ti ẹnìkan, ti ìdílé ni. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti mú tí koríko gbẹ, ẹni tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi í pa ẹran kan wá, kí gbogbo ìdílé jẹ ẹ́ níbi sàréè bàbá àgbà. Kí wọ́n tó kun ẹran náà, àgbà ilé á fi ìka wá ojú ọta lára rẹ̀. Bí ìka kò bá rí ihò, ẹran kò wọlé. Ẹran pàkúté kì í débi sàréè yẹn. Wọ́n ní bàbá àgbà kò rọ pàkúté, ìbọn ló rọ.

Ọdún tí ìbọn kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ Barnabé, ó ní òjò rin ẹ̀tù òun. Wọ́n gbà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ní ẹran tí òun rí lóyún, àánú rẹ̀ ṣe òun. Wọ́n wo ara wọn lójú. Lọ́dún tí à ń sọ yìí, Bàbá Ràmọ́nù, àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ àgbà ilé, pè é jókòó.

"Barnabé."

"Bàbá."

"Ẹran tí kò lóyún wà nígbó?"

"Ó wà, Bàbá."

"Òjò máa ń rọ̀ nínú ọyẹ́?"

"Rárá, Bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ ìpàdé ìdílé níbi sàréè bá pé tí n kò rí ẹran, kí o gbé ìbọn fún Séidou."

Séidou, tí òun àti Barnabé jọ jẹ́ ọmọ-ọmọ bàbá àgbà kan náà, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo ìdìmú igi àpá yẹn bí ẹni tó ń wo àfẹ́sọ́nà. Ó ní, "Ẹ má dààmú, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ra òróró tí n óò máa fi nù ún."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Barnabé lára ju ọta lọ. Bí wọ́n bá gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù? Gbérí á di aṣọ lásán. Kódà wọn ò ní pè é ní Èéfín mọ́. Barnabé alágbàdo ló máa kù.

Ó wọgbó lóòótọ́. Ó rìn dé ìhà Kpankou, ó ba de ẹran nínú koríko, títí ọ̀yà kan fi yọ síta níwájú rẹ̀, tó sanra, tó ń jẹ koríko ní tirẹ̀. Barnabé na ìbọn. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá, ẹnu ló kọ̀ tí kò dákẹ́. Ó rọra wí fún un pé, "Dúró bẹ́ẹ̀."

Ọ̀yà kò dúró.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ ìpàdé ti mọ́, Barnabé forí lé Okpomèta, lọ́dọ̀ Crépin, ẹni tó ń fi wáyà dẹ pàkúté. Nǹkan kan ń mí lábẹ́ gbérí rẹ̀. Àkùkọ pupa ìyàwó rẹ̀, Ghislaine, ni, èyí tí obìnrin náà fi ń yangàn ládùúgbò.

"Crépin, ṣé o jí dáadáa?"

"Dáadáa ni, ẹ̀gbọ́n. Kí ló ń jà nínú aṣọ yín yìí?"

"Fi aṣọ mi sílẹ̀. Ọ̀yà kan ni mo ń wá. Àlejò kan ló fẹ́ jẹ ẹ́."

Crépin kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó gbé ọ̀yà kan tó ti kú jáde, ó rọra tú wáyà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń bọ́ bàtà ọmọ. "Èyí dáa fún yín, wáyà kò ge ẹsẹ̀ rẹ̀ púpọ̀. Ẹ yìn ín níbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ o, ẹ má yìn ín lórí. Ilé yín fẹ́ràn kí orí pé."

Barnabé la ẹnu. "Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ yìn ín níbọn?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àkùkọ mi wá."

Barnabé padà sí Odomèta, kò sì wọgbó jìnnà. Ẹ̀yìn abúlé gan-an ló ti fẹ́ yìnbọn, torí pé ẹran tí ará ilé kò gbọ́ ìró ìbọn rẹ̀, ẹran ẹjọ́ ni. Ó kọ́kọ́ tẹ́ ọ̀yà sílẹ̀, ó dorí ìbọn kodò sí i. Kò tíì fa nǹkan kan tí ọta fi yọ́ jáde lẹ́nu ìbọn, tó bọ́ sínú koríko. Kò gún un kó le ni. Ó bú ọta, ó bú koríko, ó wá gbé ọ̀yà kọ́ ara ọ̀pẹ kan, sórí ìdí imọ̀ tí wọ́n ti gé, kó lè bá àyà rẹ̀ dọ́gba, kí ìbọn má baà tún dorí kodò. Ó tún ìbọn kì. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gún un, ó tún un gún. Ó ṣì ń gún un lọ́wọ́ tí tẹlifóònù fi dún nínú gbérí.

"Barnabé! Níbo lo wà? Iṣu ti jinná."

"Bàbá, ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹran wà níwájú mi!"

"Ẹran wà níwájú rẹ, o sì gbé tẹlifóònù?"

"Ó... ó dúró, Bàbá. Ẹran tó ní sùúrù ni."

Ó sọ tẹlifóònù sápò, ó ki orí ìṣáná sí ojú iná ìbọn, ó dijú, ó fà á.

Gbòlà! Ìbọn ta á lọ́wọ́ débi tó fi fẹ̀yìn lélẹ̀. Èéfín bo ọ̀pẹ, ó bo òun náà. Nígbà tí èéfín ká, ó rí ọ̀yà rẹ̀ lára igi, ọ̀pá irin kan gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì kàn án mọ́ ọ̀pẹ. Barnabé wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ẹnu ìbọn. Ó wá rántí ohun tí kò yọ.

Ó fa ọ̀pá, kò wá. Ó fẹsẹ̀ ti ọ̀pẹ, ó tún fà á, kò mira. Ibẹ̀ ló wà tó ń gbọ́ orin àti àtẹ́wọ́ àwọn ará ilé tí wọ́n ti gbọ́ ìró ìbọn. Séidou ló ṣíwájú, ó fajú ro. Bàbá Ràmọ́nù ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Ghislaine gbé agbada ẹran lórí, ó ń jó, torí pé lọ́jọ́ kan péré yẹn, ọkọ òun náà di ọdẹ.

Orin dá. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ọ̀pẹ.

Séidou ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà wo ni ọ̀yà ti ń gun ọ̀pẹ?"

"Ìbẹ̀rù ni," Barnabé dáhùn. "Nígbà tó rí mi..."

"Àbí ẹmu ló fẹ́ dá?" obìnrin kan wí lẹ́yìn, ẹ̀rín bú.

Bàbá Ràmọ́nù ní kí wọ́n dákẹ́. Ó sún mọ́ ọ̀yà, ó na ìka gẹ́gẹ́ bí òfin. "Ihò wà," ló wí. Ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ ẹran, ó dúró síbẹ̀. "Ìlà wáyà yìí ńkọ́? Àbí ẹ̀gbà ẹsẹ̀ ni ọ̀yà yìí bọ́?"

Kí Barnabé tó rí irọ́ kan mú, Crépin yọ láti ọ̀nà ọjà, àkùkọ pupa wà lábíyá rẹ̀. Àkùkọ náà rí Ghislaine, ó ké.

"Àkùkọ mi!" Ghislaine gbé agbada sílẹ̀. "Crépin, níbo lo ti rí i?"

"Ìyá Fẹ́milọ́lá, ẹ bi Bàbá Fẹ́milọ́lá."

Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ ní àwòdì ló gbé e! Àwòdì wo? Àwòdì tó wọ gbérí!"

Bàbá Ràmọ́nù gún ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ó tó. Séidou, gba ìbọn."

Séidou na ọwọ́ méjèèjì. Barnabé di ìdìmú igi àpá mú bí ọmọ tó fẹ́ bọ́ sódò, omi lé ròrò sí i lójú. Ìgbà náà ni Crépin kúnlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bàbá, ẹ ṣàánú ẹ̀gbọ́n mi. Àkùkọ lásán ló mú wá. Bàbá mi tó ti kú máa ń sọ ti ẹnìkan nílé yín yìí, tó mú odindi òbúkọ wá fún ọ̀yà kan, nígbà tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò tíì rántí orúkọ onítọ̀hún."

Ikọ́ mú Bàbá Ràmọ́nù lójijì. Ó hú u, ó tún un hú. "Ta ló bi ọ́ lórúkọ?" Ó yíjú sí Séidou. "Ìwọ, sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀! Ìbọn dún, gbogbo wa gbọ́. Ihò wà, mo fọwọ́ kàn án. Òfin kò sọ pé ọta nìkan ló gbọ́dọ̀ ṣe ihò."

"Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹsẹ̀ ọ̀yà..."

"Mo ní ihò wà!"

"Ihò wà," Ghislaine gbà á lẹ́nu rẹ̀, "àkùkọ tèmi ni kò sí." Ó gba ọ̀bẹ, ó gé ọ̀yà kúrò lára ọ̀pá, ó sọ ọ́ sínú agbada, ó gbé e rù. "Àkùkọ mi ló rà á. Ẹ lọ jẹ iṣu yín."

Iṣu àti epo ni wọ́n jẹ níbi sàréè lọ́dún náà. Bàbá Ràmọ́nù ní bàbá àgbà fẹ́ràn iṣu nígbà ayé rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó já a níyàn.

Ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ Barnabé títí dòní, gbérí náà ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò pè é ní Èéfín mọ́, Ọlọ́yà-Orí-Ọ̀pẹ ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ, torí orúkọ ọdẹ náà ṣáà ni. Ọ̀pá irin náà kò kúrò lára ọ̀pẹ, igi lásán ló fi ń kìbọn báyìí. Bí Crépin bá ń kọjá tó fẹ́ sinmi, orí irin yẹn ló máa ń fi wáyà pàkúté rẹ̀ kọ́. Bí ọyẹ́ bá sì ti ń sún mọ́, Ghislaine á so àkùkọ rẹ̀ tuntun mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.