Ìgò Omi Àdúrà ní Ilé Ìwòsàn

Nígbà èwe mi ní Ìgèdè, kò sí ìdílé tí kò lọ́wọ́ nínú ilé ìwòsàn wa. Owó-orí tí àwọn bàbá ń ráhùn lé lórí ni wọ́n fi ń ra oògùn. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ló mọ ògiri rẹ̀, ìjọba sì fi apòògùn kan ránṣẹ́ láti Adó. Àgbàlagbà ń sanwó, ọmọdé ń gba tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgò nìkan ni ìjọba kì í fúnni. Oníkálukú ló ń mú tirẹ̀ wá láti ilé.

Bàbá mi wà lára àwọn tó po amọ̀ ògiri náà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ gba oògùn níbẹ̀. Àládùúrà ni. Omi àdúrà ni oògùn ilé wa, inú ìgò kan ṣoṣo tí a ní ló sì ń wà. Bí ìyá mi bá fẹ́ bá a ṣẹ̀fẹ̀, á ní, "Bàbá wa, ta lẹ kọ́lé ọ̀hún fún?"

Bàbá á ní, "Àwọn tí ìgbàgbọ́ wọn ò tó."

Ẹ̀fẹ̀ tán lọ́jọ́ tí ibà gbé àbúrò mi obìnrin ṣánlẹ̀. Omi àdúrà ò ràn án. Bàbá wà lórí ìkúnlẹ̀ ní ilé àdúrà nígbà tí ojú ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí sókè. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ìyá mi da omi tó kù nínú ìgò nù, ó pọn ọmọ, mo tẹ̀lé e.

"Ugò dà?" Ìgò ni apòògùn kọ́kọ́ bi wá léèrè, kó tó wo ọmọ rárá. Inú bí mi sí i. Ìyá na ìgò wa sí i, ó bu oògùn ibà kún un.

Nígbà tí a délé, ìyá gbé ìgò padà sí igun àdúrà, níbi tí ọwọ́ àwa ọmọdé kì í dé. Bàbá wọlé, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó gbé ìgò, ó gbàdúrà lé e lórí. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fún ni ní nǹkan mu á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bàbá da díẹ̀ sẹ́nu. Ojú rẹ̀ hunjọ. Oògùn náà korò ju ewúro lọ. Ó wo ìyá, ìyá wo ilẹ̀. Mo rò pé yóò dà á nù.

Ọmọ kérora. Bàbá ní, "Ẹ ṣe àmín." A ṣe àmín. Ó gbé orí ọmọ lé itan, ó fún un mu.

Ọjọ́ tí ìgò gbẹ, ara ọmọ kò gbóná mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì lè dìde. Bàbá fọ ìgò náà fúnra rẹ̀. Kò bu omi sí i. Ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá ọmọ, bí o bá ń lọ lọ́la, má gbàgbé ugò o."