Àwọn Ọba Tí Mo Fi Jẹ ní Swords

Òórùn aṣọ ìbùsùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹ̀rọ ni mo fi ń rántí ọdún yẹn. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Swords, nítòsí pápákọ̀ òfurufú Dublin, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá ìfọṣọ tó wà lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí a ti ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ òfurufú tí a kì í sì í rí ọ̀kankan. Èmi ni mo ń kó aṣọ jáde, èmi ni mo ń tẹ́ ẹ, èmi náà ni mo ń ká a. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì kí n tó kúrò nílé. Lóde, ilé tuntun ń yọ níbi gbogbo, ẹ̀rọ gàgàrà tí wọ́n fi ń kọ́lé kún ojú ọ̀run Dublin, àwọn ará ibẹ̀ sì ń sọ pé ọrọ̀ ajé àwọn ti di ẹkùn. Ẹkùn ọ̀hún kò tíì yà lọ́dọ̀ mi. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ọmọ ọba ni mí. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, obìnrin ará Ireland kan tí ara rẹ̀ yá mọ́ ènìyàn. Ó ní, "Ah, that's grand, love," ó sì ti agbọ̀n aṣọ mìíràn sí iwájú mi.

Bí a ṣe jẹ́ ọmọ ọba kò ṣòro láti ṣàlàyé. Láyé àtijọ́, bàbá ńlá wa ni àrẹ̀mọ ìlú wa. Oko ló wà nígbà tí bàbá rẹ̀ wàjà. Wọ́n ránṣẹ́ pè é, ṣùgbọ́n odò tó wà láàárín oko àti ìlú ti kún, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi dúró létí omi. Kí omi tó fà, àbúrò rẹ̀ ti gun orí ìtẹ́. Inú bí i, ó yí ẹsẹ̀ padà, ó sì búra pé òun àti àwọn ọmọ òun kò ní sọdá odò náà wọ ìlú mọ́, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ọ̀kan nínú àwọn wá jọba. Abúlé tó tẹ̀ dó sí oko náà ni wọ́n bí bàbá mi sí. Àwọn ọkùnrin abúlé ti gbàgbé ìbúra yẹn tipẹ́, nítorí ọjà ń bẹ ní ìlú, ilé ẹ̀kọ́ ń bẹ níbẹ̀. Ìyá àgbà kan ṣoṣo, àbúrò bàbá bàbá mi lóbìnrin, ló ṣì ń pa á mọ́. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ìlú náà rí. Ní tàwọn ará ìlú, wọ́n gbà pé ẹ̀ka wa ti kú run.

Ọba ìlú wàjà lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Àwọn afọbajẹ kéde pé ilé ọlọ́ba tó bá mọ̀ pé oyè tọ́ sí òun kí ó kọ ìtàn rẹ̀ wá, kí ó sì to orúkọ àwọn olórí rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, pẹ̀lú ibi tí wọ́n sin oníkálukú sí. Bàbá mi, káfíńtà tí kò pariwo rí láyé rẹ̀, sọ fún mi lórí fóònù pé òun fẹ́ dìde fún oyè náà. Ó ní èmi ni mo kàwé ìtàn, èmi ni kí n kọ ọ́. Inú mi dùn dé ibi pé mo ká aṣọ ìrọ̀rí mọ́ aṣọ ìnura lọ́jọ́ náà.

Ìyá àgbà nìkan ló mọ orúkọ àwọn olórí náà. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní abúlé, nítorí náà bàbá mi a gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sí orí òkè kan ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, èmi a sì fi káàdì ìpè pè wọ́n. Ìyá a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni àkọ́kọ́, a kì í, a kí ìyá rẹ̀, a sọ ohun tó gbìn àti ohun tó pa. Kó tó kan ẹni kẹta, káàdì ti tán. Bí mo bá sì dá a dúró, ì báà jẹ́ ikọ́ lásán ni mo wú, yóò dákẹ́, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́, nítorí a kì í ka àwọn òkú ilé wa láti àárín. Ọjọ́ Àìkú kẹta ni ọ̀rọ̀ náà sú mi pátápátá. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn máa dárúkọ wọn fún mi." Ó bi mí pé, "Ṣé ẹrú ni wọ́n ni, tí n óò máa pè wọ́n ní orúkọ ṣákálá?" Ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́.

Mo kọ́ láti máa ra káàdì tó pọ̀ dáadáa, kí n sì máa gbọ́ láìdá a dúró; ọjọ́ Àìkú mẹ́fà ni mo fi rí orúkọ olórí mẹ́fà. Mo kọ wọ́n sí iwájú ìwé ìkọ̀wé kan, pẹ̀lú ibi tí a sin wọ́n sí: ìdí ọsàn, ẹ̀yìn ilé àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà odò. Ojú ìwé méjì péré ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ Àìkú kan sí èkejì, nígbà tí mo bá ń jẹun ọ̀sán lórí àpò aṣọ ní yàrá ìfọṣọ, mo máa ń yí ìwé náà padà, mo máa ń kọ nǹkan mìíràn láti ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Nínú èyí tó wà lẹ́yìn yìí, odò kò kún. Àrẹ̀mọ sọdá, wọ́n fi í jọba, àwọn ọkùnrin mẹ́fà tí wọ́n kú sí oko sì di ọba mẹ́fà tí wọ́n wàjà ní ààfin. Ọ̀kan kọ́ afárá olókùúta sórí odò náà kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Òmíràn kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ṣáájú gbogbo ìlú tó yí wa ká. Mo fi bàbá mi ṣe ìkeje, mo sì fi ara mi ṣe àrẹ̀mọ, mo fún ara mi ní ẹṣin funfun. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà o, kì í ṣe ọmọdé.

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Clonsilla nítorí Clonsilla ní Dublin ló ń gbé, ló ní kọ̀ǹpútà. Òun ló sọ pé òun yóò tẹ ìwé náà, tí òun yóò sì fi fáàsì ránṣẹ́ tààrà sí ọ́fíìsì àwọn afọbajẹ. Wọ́n ti gbé e lọ sí Èkó kó tó mọ ẹsẹ̀ rìn, kò mọ abúlé wa, kò sì béèrè rí. Ó kàn mọ̀ pé ọmọ ọba ni òun, "Prince" sì ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níbi iṣẹ́ sìkiọ́rítì rẹ̀ ní Clondalkin. Mo gbé ìwé náà lọ bá a ní ibùdókọ̀ ojú irin Clonsilla. Mo ti fẹ́ ya àwọn ojú ìwé ẹ̀yìn kúrò kí n tó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ya wọ́n, ti iwájú náà yóò tú. Mo tún fẹ́ ṣàlàyé fún un. Ojú tì mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé mò ń fi ara mi jẹ àrẹ̀mọ lórí àpò aṣọ ìdọ̀tí? Ó bi mí pé ṣé gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, mo ní, "Gbogbo ẹ̀ ni, sir," mo sì wọ ọkọ̀ tó ń padà sí àárín ìlú.

Ní ọjọ́ Ẹtì, tí ó jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n dá fún wa, mo bá ohùn rẹ̀ tó fi sílẹ̀ lórí fóònù mi nígbà tí mo ṣíwọ́ iṣẹ́. "Mo ti ka ìwé yẹn tán," ó ní. "Mo rí i pé o kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ti iwájú yẹn gbẹ, kò ní craic, kò ní adùn kankan nínú. Ti ẹ̀yìn ló complete, òun ni mo type. Mo ti fax ẹ lọ sílé. God is in control."

Mo jókòó sórí àga ní ibùdó bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì méjì sì kọjá mi. Ó yẹ kí n pe bàbá mi lójú ẹsẹ̀. N kò pè é. Mo sọ fún ara mi pé àwọn afọbajẹ kì í ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, pé wọn yóò kàn wo orúkọ, wọn yóò sì jù ú sínú fáìlì. Títí di òní, tí mo bá rántí pé mo ní odindi ọjọ́ mẹ́rin láti fi la ẹnu mi, inú máa ń bí mi sí ara mi.

Wọ́n kà á; ará abúlé wa kan tó wà níbẹ̀ ló pè mí sọ ọ́ fún mi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n kó gbogbo ilé ọlọ́ba jọ sí gbọ̀ngàn ìlú, akọ̀wé sì ń ka ìwé ilé kọ̀ọ̀kan sókè. Ìyá àgbà wà níbẹ̀. Bàbá mi ti sọ fún un pé ọjọ́ tí bàbá ńlá búra lé lórí ti pé, ó wọ aṣọ funfun, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e sọdá odò fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ ka àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nígbà tí akọ̀wé dé orí afárá olókùúta, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn afọbajẹ ní kí bàbá mi dìde, kí ó wá mú àwọn lọ wo afárá náà. Nígbà tí wọ́n dé orí ọba keje tó wà láàyè lórí ìtẹ́, wọn kò ka ìyókù mọ́. Wọ́n ní ilé wa wá fi ìlú ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbọ́ ti ìyá. Wọ́n kọ̀. Ìyá àgbà tó ti múra láti bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò jẹ́ kó la ẹnu. Òótọ́ wa wà ní ojú ìwé méjì lórí tábìlì kan ní Clonsilla.

Mo lọ bá Bàbá Clonsilla jà. Mo rò pé n óò pariwo, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣílẹ̀kùn ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, "Mo rò pé abúlé wa ni wọ́n ti jọba. Ti bàbá ẹ yẹn, mo ní ìgbàgbọ́ lo fi kọ ọ́, pé ò ń declare ẹ ni kó tó ṣẹlẹ̀." Mo béèrè pé afárá ńkọ́. Ó wò mí. "Ṣé mo débẹ̀ rí ni? Ìwọ lo sọ pé gbogbo ẹ̀ ni." Ìyàwó rẹ̀ gbé tíì wá, a mu ún, mo sì mú ìwé mi kúrò níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí bàbá mi tó pè. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dákẹ́. Mo gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lórí òkè yẹn.

"Wọ́n ní o fi mí jẹ nínú ìwé yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sir."

"Mo pẹ́ lórí oyè bí?"

"Ẹ ṣì wà níbẹ̀, sir."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ó dáa, ó sì bi mí bóyá òtútù ti dín kù lọ́dọ̀ wa.

Kò dìde fún nǹkankan mọ́ lẹ́yìn náà. Ilé mìíràn jọba, ọba ọ̀hún sì wà níbẹ̀ títí di òní, ara rẹ̀ le. Ìyá àgbà kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sì sọdá odò náà mọ́. Ẹkùn àwọn ará Dublin náà kú, àwọn ẹ̀rọ gàgàrà kúrò lójú ọ̀run fún ọdún mélòó kan, mo sì kúrò ní yàrá ìfọṣọ. Nígbà tí bàbá mi kú, mo lọ sílé, a sin ín sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sì fi orúkọ rẹ̀ ṣe ìkeje ní iwájú ìwé náà.

Ọmọbìnrin mi rí ìwé náà nínú press, ìyẹn kọ́bọ́ọ̀dù, ní kíṣìnì láìpẹ́ yìí. Ó bi mí pé, "Dad, was Grandad actually a king, like?" Mo ní kó jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́, bí ìyá àgbà ṣe kà á. Ó dá mi dúró níbi ẹni kẹta láti béèrè nǹkan, mo sì tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó mí kanlẹ̀ bí mo ṣe máa ń mí kanlẹ̀ lórí fóònù. A dé orí ìkeje, mo fi ibi tí a sin ín sí hàn án.

Ó yí ìwé náà padà, ó béèrè ti ẹ̀yìn. Mo sọ fún un pé irọ́ tèmi nìyẹn, òun ló sì ba ti iwájú jẹ́. Mo ti gbé bírò lé ojú ìwé yẹn nígbà mélòó kan láti parí rẹ̀. Àwọn ọba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wàjà níbẹ̀, mo sì mọ ohun tó yẹ kí n kọ fún ìkeje. N kò tíì kọ ọ́.