Mo Lọ Gun Alùpùpù Lórí Òkè, Wọ́n Ní Wọ́n Dá Mi Padà

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti bí oṣù mélòó kan, ó sì ti kan bí omi ògì. Tí n kò bá sọ ọ́, á pa mí lára.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe ní Ring Road n'Ìbàdàn. Alùpùpù mi ni mo fi ń lọ láti ilé oníbàárà kan sí òmíràn. Ṣakí ni wọ́n ti bí mi, níbi tí òkè pọ̀ sí, orí alùpùpù bàbá mi ni mo sì gbọ́njú sí. Tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń wo bọ́ọ̀lù, fídíò àwọn tó ń gun alùpùpù kọjá lórí òkè ńláńlá lèmi máa ń wò. Ọ̀nà á lọ́ bí ejò, ìkùukùu á wà nísàlẹ̀, èèyàn á wà lókè. Mo ní kí n tó gbéyàwó, màá ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré.

Morocco ni mo mú. Òkè ibẹ̀ ga, wọ́n sì máa ń háyà alùpùpù fún àlejò. Ó pẹ́ tí mo ti ń kó owó rẹ̀ jọ. Wọ́n fún mi ní físà, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú sí "àtàbọ̀" yẹn o!

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìnà rèé: mo sọ fún gbogbo èèyàn. Ẹ̀yin náà mọ bá a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ń lọ sókè òkun kì í sọ. Ó di ìgbà tí bàlúù bá ti gúnlẹ̀ kó tó gbé fọ́tò síta, táá wá ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́. Ẹni tó bá ń pariwo kiri pé òun ń lọ, òun sì ń padà bọ̀, wọ́n á ní ọgbọ́n ló ń dá.

Ìyá Ṣùkúrà tá a jọ ń gbélé l'Ágbowó ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé n kò ní lò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ọlọ́run á bò wá láṣìírí, ṣùgbọ́n ta ni mò ń fi gáàsì ìdáná mi sílẹ̀ fún? Mo ní èmi náà ni màá padà wá dáná lórí ẹ̀. Wọ́n ní, "Mufú, èmi kọ́ ni ọ̀tá ẹ o." Bàbá lándílọ́ọ̀dù náà ní tí mo bá ti débẹ̀, kí n tètè ránṣẹ́, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa gbé yàrá fún. Mo rò pé àwàdà ni!

Tọ́lání nìkan ni mo jókòó ṣàlàyé fún dáadáa. Tọ́lání ni àfẹ́sọ́nà mi nígbà náà. Nọ́ọ̀sì ni, ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ní Bódìjà ló ń gbé. A ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n sì ti mú ọjọ́ yìgì sí oṣù tó tẹ̀ lé ìrìn àjò mi. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ jáde níléèwé nọ́ọ̀sì ló ti jápa, òun nìkan ló kù ní wọ́ọ̀dù tó ń dá iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta ṣe. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi físà dù ú.

Mo ṣàlàyé òkè, mo ṣàlàyé alùpùpù. Ó ní, "Ṣé ọ̀kadà ti tán n'Íwo Road ni?" A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló dì mọ́ mi, ó sì pẹ́ kó tó fi mí sílẹ̀. Ó ní ibi yòówù kí n dé, kí n ṣáà má gbàgbé òun. Mo ní báwo ni màá ṣe gbàgbé ẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, òkè yẹn dùn! Ìdírísì lorúkọ ẹni tó háyà alùpùpù fún mi, ọkùnrin kan tí a jọ lè jẹ́ ẹgbẹ́. Mo kí i ní "Salaamu alaekun", ojú ẹ̀ là, ó bu tíì fún mi, ó sì fi bí mo ṣe máa tẹ búréèkì hàn mí tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀. Mo gbéra. Yìnyín funfun wà lórí àwọn òkè ọ̀ọ́kán, ilé alámọ̀ pupa lẹ̀ mọ́ ara òkè, ewúrẹ́ ń jẹ̀ létí kòtò tí èmi ò lè wo ìsàlẹ̀ ẹ̀. Mo ń kígbe nínú ẹlimẹ́ẹ̀tì bí ọmọdé. Omi ń bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ̀ bóyá atẹ́gùn ni tàbí ayọ̀.

Ọlọ́pàá dá mi dúró ní kọ́nà kan. Wọ́n wo páspọ́ọ̀tù, wọ́n wo ojú mi. Wọ́n ní àwọn tó kù dà? Mo ní àwọn wo? Wọ́n ní àwọn tá a jọ ń lọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Sípéènì! Wọn ò gbà pé aláwọ̀ dúdú lè ti Nàìjíríà wá gun alùpùpù lásán fún ìgbádùn. Mo ní kí wọ́n pe Ìdírísì. Kò bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ́ rárá tí wọ́n fi dá páspọ́ọ̀tù mi padà, wọ́n tún júwe ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì gbígbóná fún mi. Ẹni tí kò mọ̀ mí rí ló jẹ́rìí mi, wọ́n sì gbà á gbọ́.

Ó ku ọ̀la kí n padà ni mo ṣubú. Òkúta wẹẹrẹ ló wà lójú kọ́nà, mi ò sáré, ẹ gbà mí gbọ́! Táyà yọ̀, alùpùpù lọ síbì kan, èmi lọ síbì kan. Ọrùn ọwọ́ òsì mi kán. Fóònù mi wà nínú àpò, orí àpò yẹn gan-an ni mo ṣubú lé. Ó fọ́ yángá.

Nọ́ńbà Ìdírísì wà lára alùpùpù, àwọn tó ń kọjá ló bá mi pè é, òun ló sì wá gbé mi lọ sí ọsibítù. Wọ́n fi pí-ó-pì di ọwọ́ mi, bàlúù mi sì gbéra láìsí mi nínú ẹ̀. Mo ní kó yá mi ní fóònù kí n pe Tọ́lání. Ẹ gbọ́ ná, ta ló ń há nọ́ńbà sórí láyé tá a wà yìí? Nọ́ńbà kan ṣoṣo tó wà lórí mi ni ti ìyá mi, ìyá mi sì ti kú. Mo ní kí n wọ Facebook, wọ́n ní àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù mi. Fóònù wo? Bí mo ṣe wà nìyẹn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan láìlè kàn sí ẹnikẹ́ni, títí dókítà fi ní mo lè máa lọ, tí Ìdírísì sì bá mi tún tíkẹ́ẹ̀tì ṣe.

Ẹ wá wo bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Challenge. Jákẹ́ẹ̀tì mi ti ya, jàlàbíà Ìdírísì ló wà lọ́rùn mi. Ẹsẹ̀ mi wú, sálúbàtà ni mo wọ̀. Báàgì kékeré kan wà léjìká, ọwọ́ wà nínú pí-ó-pì. Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi wò ó!

Ìyá Ṣùkúrà ń gbálẹ̀ lójúde ni mo yọ sí wọn. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Yéè! Wọ́n ti dá Mufú padà o!"

Mo ní ẹnì kankan ò dá mi padà, èmi ni mo padà. Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀, kí n kọ́kọ́ jókòó, pé ojú ọmọ èèyàn ń rí nǹkan. Kò pẹ́ tí ará àdúgbò fi ń wọlé wá kí mi. Ẹ kú ewu o. Ẹ kú orí yíyọ. A dúpẹ́ pé omi ò gbé yín lọ. Omi wo? Bàbá kan ní ẹni tó ní kí n gba Morocco ló jẹ̀bi, pé Libya ló yá jù. Mo na pí-ó-pì sí wọn, mo ní alùpùpù ló gbé mi ṣubú. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní àwọn tó ń fo fẹ́ǹsì wọ Sípéènì náà máa ń kán lápá. Mo yọ tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀ síta. Wọ́n ní ta ni wọ́n ń fún ní físà láìní irú ẹ̀?

Mo ká tíkẹ́ẹ̀tì náà, mo wọ yàrá mi lọ.

Ọjọ́ kejì, mo gba Bódìjà lọ. Ìyá Tọ́lání, Àlájà tó ń ta bàtà ọmọdé ní Ṣàngó, ló ṣílẹ̀kùn. Mo ti múra pé wọ́n á lé mi. Wọn ò lé mi! Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúà, wọ́n gbé ẹ̀bà àti ẹja tútù síwájú mi. Wọ́n ní àwọn ò bínú rárá. Tí ọmọkùnrin bá jáde kí ayé ẹ̀ lè dáa, tí ọ̀nà ò sì là, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ yìgì ò yẹ̀. Lẹ́yìn yìgì, èmi àti Tọ́lání á jọ tún ìrìn àjò náà lọ gẹ́gẹ́ bíi tọkọtaya.

Tọ́lání jókòó tì mí, ojú ẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó di ọwọ́ mi tó kù mú. Ó ní nígbà tí òun ò gbọ́ ohùn mi mọ́, gbogbo èèyàn ló ní mo ti já òun sílẹ̀. Òun nìkan ló ń bá wọn jà, pé Mufú á ránṣẹ́ wá pe òun.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti panu mọ́! Kí n jẹ ẹ̀bà mi, kí n ní "Ẹ ṣé, mà," kí n fẹ́ ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Tí wọ́n bá fi irọ́ kàn mí, ara mi kì í gbà á. Mo ní, "Mà, kò sẹ́ni tó dá mi padà." Àlájà ní ó ti tó, àwọn ti gbọ́. Mo ní rárá, ẹ ò tíì gbọ́. Mo gba fóònù Tọ́lání, mo fi fídíò pe Ìdírísì. Mo ti há nọ́ńbà tiẹ̀ sórí, mo ti gbọ́n!

Ìdírísì gbé e. Ó kí Àlájà tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó fi alùpùpù tó wọ́ hàn wọ́n, ó fi ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ hàn wọ́n. Ó wá fi gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ ṣàlàyé pé èèyàn gidi ni mí. Ó ní òun bẹ̀ mí pé kí n dúró, pé ẹ̀gbọ́n òun ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ sólà, ó sì máa gbà mí. Ó ní mo kọ̀, mo ní ìyàwó mi ń retí mi n'Ìbàdàn. Ó ní kí wọ́n bá òun kí ìyàwó rere náà.

Mo wo ojú wọn bí ẹni tó jàre ẹjọ́.

Tọ́lání fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni kò sẹ́ni tó lé mi? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní wọ́n tún fi iṣẹ́ lọ̀ mí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ìwọ ni mo rò.

"Èmi lo rò?" Ó dìde. "Èmi tí wọ́n fi físà dù lẹ́ẹ̀mejì? Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún ẹ, o wá fi ẹsẹ̀ ara ẹ padà síbi tí mò ń bẹ Ọlọ́run lójoojúmọ́ pé kó yọ mí kúrò! Mufú, kí lo padà wá ṣe?"

Mo ní ìwọ ni mo padà wá fẹ́. Ó ní òun lè fẹ́ ẹni tí wọ́n lé padà, torí ẹni tí wọ́n lé á tún gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹni tó padà fúnra ẹ, kò lè lọ mọ́ láéláé. Àlájà rọra dé àwo ẹ̀bà náà.

Ọjọ́ yìgì kọjá láìsí yìgì. Wọ́n rán àgbàlagbà kan sí ẹbí mi ní Ṣakí pé ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀ mọ́.

Mo bínú sí Tọ́lání, mi ò ní parọ́. Mo ṣì ń bínú. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn fẹ́ràn ìlú ẹ̀? Àmọ́ tí mo bá rántí wọ́ọ̀dù tó ń dá ṣe yẹn, ìbínú mi kì í mọ ẹni tó máa kọjú sí.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ti fojú ara mi rí i. Ẹ̀kọ́ tèmi rèé, ẹ mú un tẹ́ ẹ bá fẹ́: tí wọ́n bá ń ṣàánú yín lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ tẹ́wọ́ gba àánú náà. N'Ìbàdàn tá a wà yìí, ẹni tó bá ní òun máa padà, òpùrọ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá sì padà lóòótọ́, òmùgọ̀ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ, tẹ́ ẹ sì fi ẹsẹ̀ ara yín rìn padà wálé, ṣé ẹ wà? Kí ni wọ́n sọ fún yín nílé? Ẹ kọ ọ́ síbí fún mi, kí n lè mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan.

Láàárọ̀ àná, bí mo ṣe ń ti alùpùpù mi jáde, Ìyá Ṣùkúrà tún gbàdúrà fún mi pé ìrìn àjò tí mo bá tún lọ, wọn ò ní lé mi padà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bá wọn jiyàn.

Lánàá, mo ṣe àmín.