Rédíò Inú Ṣọ́ọ̀bù Màmá Mi

Bí mo bá ń lọ aṣọ tútù báyìí, tí òórùn rẹ̀ bá fẹ́ sí mi nímú, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ màmá mi ní Mowe ni mo máa ń rántí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, rédíò ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tí mi ò gbọ́, ni màmá mi bá gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Orí rédíò yẹn náà ni wọ́n ti máa ń kéde jàǹbá mọ́tò ojú títì márosẹ̀, bàbá mi sì ti lọ sí Èkó láti àárọ̀. Mo sáré lọ sẹ́bàá títì, mò ń wo ojú gbogbo ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, títí bàbá mi fi yọ, tòun ti búrẹ́dì lábẹ́ abíyá. Mo dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

“Bàbá Bọ́lá, ẹ ò tíì gbọ́ ni?” ni màmá mi wí bí a ti wọ ṣọ́ọ̀bù. “Olórin wa ti kú o, ní Amẹ́ríkà.”

“Áà! Òun kẹ̀?” Bàbá mi rọra jókòó.

Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé orin ọkùnrin yẹn ló ń dún nínú rédíò náà lọ́jọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ gbé ṣòkòtò tó ya wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin náà, omi lójú wọn. Èmi ti já búrẹ́dì sẹ́nu ní tèmi. Ẹkún yòówù kí wọ́n sun, bàbá mi ti délé.