Ọwọ́ Òsì Ni Mo Fi Ń Ta Aago

“Ọwọ́ òsì! Èmi lo na ọwọ́ òsì sí, ọmọ yìí?”

Ọkùnrin kan tó ń ná ṣájà lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù gbàgbé iye tó fẹ́ pè. Alhájà tó ń bá mi wí jókòó sórí àga ike lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń dé, èmi sì dúró níwájú wọn pẹ̀lú aago lọ́wọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún mi wà nínú àpò ẹ̀wù. Ojú tì mí débi pé etí mi ń gbóná. Ká ní ilẹ̀ Dùgbẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà, mi ò ní dúró kó pè mí lẹ́ẹ̀mejì.

Bọ́sẹ̀ lorúkọ mi. Aago símáàtì ni mo ń tà, àwọn aago ìgbàlódé tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, tó ń ka ìṣísẹ̀, tó sì ń sọ bí ọkàn èèyàn ṣe ń lù. Mọ́níyà ni mò ń gbé; bọ́ọ̀sì ló ń gbé mi wá sí Dùgbẹ̀ láràárọ̀. Bí ẹ bá bi àwọn tí a jọ ń tajà nítòsí, wọ́n á ní mo lẹ́nu, mo sì lẹ́nu lóòótọ́. Oníbàárà tó wọlé pé òun kàn fẹ́ wò ó ni, kó tó jáde, ó ti ra okùn aago, ó ti ra ike tí wọ́n fi ń bo ojú rẹ̀. Àmọ́ ẹnu dídùn yẹn, mo ń fi bo nǹkan kan ni.

Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni apá ọ̀tún mi ti bàjẹ́. Ìyá mi ní mo há, wọ́n bá fi apá fà mí jáde. Kò rọ pátápátá: ìka rẹ̀ lè di bébà mú, ó lè tẹ fóònù, ṣùgbọ́n kò lè gbé nǹkan tó wúwo, kò lè nà tán, ọrùn ọwọ́ náà sì tín-ín-rín bíi ti ọmọdé. Ta ni kò mọ̀ nílẹ̀ Yorùbá pé a kì í fi òsì fún àgbà ní nǹkan? Ìyá mi kọ́ mi pé kí n máa yára sọ ọ́ pé, “Ẹ má bínú o, ọwọ́ òsì ni.” Ọ̀pọ̀ á ní kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn á bi mí pé kí ló wá ṣe ọ̀tún, ìbéèrè yẹn gan-an ni mò ń sá fún. Gbogbo ẹ̀wù mi ló lápá gígùn. Nínú oòrùn Ìbàdàn tó ń sun èèyàn lórí yìí, apá gígùn ni, pẹ̀lú àpò tí mo ní kí télọ̀ bá mi rán sí i.

Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Ràímì tó ni ṣọ́ọ̀bù fẹ́ gbà mí síṣẹ́, wọ́n rí i pé òsì ni mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan.

“Àbí ọlọ́wọ́ òsì ni ẹ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Irọ́ ni mo pa. Mo rò ó pé tí wọ́n bá rí apá yìí, wọ́n á ní ta ló máa fẹ́ kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò pé máa so aago mọ́ òun lọ́wọ́.

Ọmọ atúnaagoṣe ni Bọ̀ọ̀dá Ràímì, wọn kì í fi iṣẹ́ aago ṣeré rárá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni wọ́n ti sọ fún mi pé, “Ẹni tó bá wọlé, ojú aago ló máa ń wò. Ìwọ, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ ni kó o máa wò.” Wọ́n fún mi ní tépù télọ̀, wọ́n fi hàn mí ibi tí mo ti máa wọn ọwọ́, lókè eegun tó yọ kókó yẹn díẹ̀. Ojú aago kò gbọ́dọ̀ ré kọjá etí ọwọ́ lọ́tùn-ún lósì. Tó bá ti ń ré kọjá, bíi fìlà bàbá lórí ọmọ ni. Okùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìka kan lábẹ́, kó má gba méjì. Iná kékeré aláwọ̀ ewé kan wà lẹ́yìn àwọn aago yìí tó máa ń ṣẹ́jú, ara èèyàn ló gbọ́dọ̀ fara kàn kó tó lè ka ọkàn. Bí aago bá tóbi jù, tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, afẹ́fẹ́ ni iná yẹn á máa kà, aago á sì máa sọ ìsọkúsọ.

Gbogbo ìyẹn yé mi. Síso ó gan-an ni wàhálà, nítorí ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń so okùn aago. Mo bá dọ́gbọ́n sí i. Mo máa ń sọ fún oníbàárà pé, “Ẹ bá mi di ibí yìí mú, kí ẹ lè mọ bó ṣe ń fún yín sí.” Òun á di etí kan mú, èmi á fi òsì fa èkejì wọlé. Tí mo bá sì fẹ́ gbé ọjà fún èèyàn, orí gíláàsì ni mo máa ń gbé e lé, màá wá rọra tì í síwájú wọn. Ẹni tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ mú nǹkan lórí gíláàsì kò lè ní mo fi òsì fún òun.

Bọ̀ọ̀dá Ràímì ò fura. Ńṣe ni wọ́n ń yìn mí. “Ẹ wo Bọ́sẹ̀! Ó ń jẹ́ kí kọ́sítọ́mà fọwọ́ ara ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọgbọ́n nìyẹn!” Bí wọ́n ṣe ń yìn mí ni ojú ń tì mí.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é títí Alhájà Múìbátù fi wá. Wọ́n ti fìgbà kan jẹ́ gbajúmọ̀ nídìí òwò páànù, kò sí kọ́lékọ́lé tí kò mọ̀ wọ́n. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí, wọ́n ń gbé ní Ẹlẹ́yẹlé, àìsàn sì ti dá wọn dùbúlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọkàn wọn. Ọmọ wọn obìnrin tó wà lókè òkun wá ní kí wọ́n ra aago tí á máa fi bí ọkàn wọn ṣe ń lù ránṣẹ́ sí fóònù òun. Takisí ló já wọn sílẹ̀. Híjáàbù ńlá bò wọ́n dé ìka ọwọ́, ó sì ti rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó wọlé. Ibi àga ẹnu ọ̀nà ni wọ́n jókòó sí. Gíláàsì mi kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Mo mú tépù. “Alhájà, ẹ jẹ́ n wọn ọrùn ọwọ́ yín.”

“Wọn kí ni? Mo ti ń wọ aago kí wọ́n tó bí ìyá ẹ. Èyí tó tóbi jù ni kó o gbé wá. Àbí mo jọ ẹni tó ń wọ nǹkan ọmọdé?”

Ara mi kò balẹ̀ mọ́. Mo sáré mú aago ńlá, mo sáré gbé e lọ bá wọn, “ẹ má bínú” tí mo ti ń sọ láti kékeré sì fò mí lórí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pariwo ọwọ́ òsì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi.

Bọ̀ọ̀dá Ràímì ti dọ̀bálẹ̀. “Alhájà, ẹ foríjì í. Ọlọ́wọ́ òsì ni, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.”

“Ọlọ́wọ́ òsì ò ní ọ̀tún ni? Ọmọ mi kan náà ọlọ́wọ́ òsì ni, ọ̀tún ló fi ń fún mi ní nǹkan!”

Gbogbo ojú bá yí sí àpò mi. Mo kúnlẹ̀, ọwọ́ náà sì wà nínú àpò síbẹ̀. Ìyẹn ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

“Ẹ wò ó o! Ó kúnlẹ̀ tọwọ́tọwọ́ lápò, bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù!”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo lẹ́nu, ẹnu mi kú. Mo mọ̀ pé a ò wọn ọwọ́ wọn. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí aago yẹn jáde láìjẹ́ pé a yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ á tún ní láti sún mọ́ wọn, n kò sì lè sún mọ́ ẹnikẹ́ni lójú gbogbo èrò yẹn. Wọ́n ki aago bọ báàgì tòun ti páálí, wọ́n lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n padà dé. Ìta ni mo ti ń gbóhùn wọn.

“Ẹ gba nǹkan yín! Aago yín ní mo ti kú!”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bí aago yẹn ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́ wọn, kò rí ọkàn kankan kà mọ́. Ọmọ wọn wo fóònù lọ́hùn-ún, kò rí nǹkan kan, ó pe ìyá rẹ̀, ìyá kò gbé e. Ló bá fi igbe ta, ó pe gbogbo aládùúgbò.

“Wọ́n fẹ́ já ilẹ̀kùn lé mi lórí, èmi ń kírun lọ́wọ́! Ìyá Túńdé aládùúgbò mi ti ń sunkún mi lẹ́nu géètì!”

Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sẹ́ni tó jẹ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń tajà nítòsí ti pé sẹ́nu ọ̀nà wa. Bọ̀ọ̀dá Ràímì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká fi òmíràn dán an wò.

“Mi ò wọ aago kankan mọ́. Bí ọkàn yìí bá fẹ́ dúró, kó dúró. Kì í ṣe pé mo máa sọ ara mi di ẹ̀sín.”

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù. Bí wọ́n bá fi ìbínú lọ sílé láìsí aago, tí ọkàn náà wá dúró lóòótọ́ ńkọ́? Bọ̀ọ̀dá Ràímì na ọwọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wo ọrùn ọwọ́ wọn. Alhájà yára fa ọwọ́ wọn wọnú híjáàbù.

Mo mọ fífà yẹn. Láti kékeré ni mo ti ń fa tèmi bẹ́ẹ̀.

“Alhájà,” mo ní, ohùn mi ń gbọ̀n, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Mo fẹ́ fi nǹkan kan hàn yín.”

“Kí lo fẹ́ fi hàn mí tí o ò lè fi hàn mí níbí?”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà.”

Bóyá ohùn mi ni wọ́n gbọ́, wọ́n dìde. Lẹ́yìn kọ́tìnnì, níbi tí a ti máa ń jẹun, mo yọ ọwọ́ lápò, mo ká apá ẹ̀wù mi dé ìgúnpá. Yàtọ̀ sí ìyá mi, n kò fi han ẹnikẹ́ni rí.

“Ìdí tí mo fi na òsì sí yín nìyí, mà.”

Wọ́n wò ó pẹ́. “Kí ló ṣe é?”

“Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni.”

“Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí, tí mo fi ń fi ẹ́ ṣẹlẹ́yà?”

“Ojú ń tì mí ni.”

Wọ́n kàn gbé híjáàbù wọn sókè. Eegun ni mo rí, àti awọ tó wé mọ́ ọn.

“Nígbà tí ara mi wà lára mi,” ni Alhájà wí, “ọwọ́ mi sanra débi pé ọṣẹ ni mo fi ń bọ́ ẹ̀gbà rẹ̀. Àìsàn yìí ti jẹ ẹ́ tán. Àwọn tó mọ̀ mí tẹ́lẹ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i. Mo ní bóyá aago ńlá á bá mi bò ó.”

Mo mú tépù. Ìka ọ̀tún mi di etí rẹ̀ mú, ìwọ̀nba agbára tó ní náà nìyẹn, mo fi òsì yí i ká. Aago tó kéré jù ló tó wọn. Mo kọ́kọ́ fi í sọ́wọ́ ọ̀tún èmi fúnra mi, kí wọ́n má bàa ní nǹkan ọmọdé ni mo fún wọn. Èmi tí mo ń ta aago láti ọjọ́ yìí, aago kò kan ọrùn ọwọ́ yẹn rí.

“Ẹ wò ó, mà. Ó bá mi mu.”

“Ó bá ẹ mu lóòótọ́,” wọ́n ní. “So ó fún mi.”

Wọ́n di etí kan mú, mo fa èkejì. Okùn náà gba ìka kan. Kò pẹ́, nọ́ńbà jáde lójú aago.

“Ọkàn mi nìyẹn?”

“Ọkàn yín ni, mà.”

“Ó ń sáré o.”

“Tèmi náà ń sáré.”

A jáde. Èrò ṣì pé sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn ń retí ìjà. Alhájà padà sórí àga wọn. Mo fi òsì gbé páálí aago tuntun lọ bá wọn, mo sì fẹ́ la ẹnu láti sọ pé kí wọ́n má bínú. Kí n tó sọ ọ́, wọ́n yọ ọwọ́ òsì tiwọn síta híjáàbù, eegun àti aago kékeré orí rẹ̀, wọ́n nà án sí mi, wọ́n gba páálí lọ́wọ́ mi.

“Háà, Alhájà, òsì kẹ̀?” ni ọkùnrin kan wí láàárín èrò.

“Ṣé kì í ṣe òsì lo fi wọ aago tìrẹ?” wọ́n dá a lóhùn, wọ́n wá yíjú sí mi. “Ọmọ mi, Ọlọ́run á bù sí i fún ẹ.”

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ojú ló tì mí, ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Ìyá àgbà tú ohun tó ń bò síta lójú gbogbo ayé nítorí tèmi, bí mo sì ti wolẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi ti padà sínú àpò.

Mo sọ òtítọ́ fún Bọ̀ọ̀dá Ràímì kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n wo àpò ẹ̀wù mi. “A jẹ́ pé torí apá yẹn lo ṣe ń ní kí wọ́n bá ẹ di okùn mú?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. “Yéè! Mo ti kọ́ gbogbo àwọn tó ń bá mi tajà ní ṣọ́ọ̀bù mi kejì ní Challenge o. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe é báyìí!” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Wọn ò lé mi.

Alhájà ṣì wà, ọmọ wọn kò sì pe aládùúgbò mọ́. Èmi náà ṣì ń wọ apá gígùn. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá fa ọwọ́ sẹ́yìn nígbà tí mo bá mú tépù, yálà nítorí ó sanra, tàbí ó rù, tàbí àpá iná wà níbẹ̀, n kì í rọ̀ ọ́ mọ́. Tèmi ni mo máa ń kọ́kọ́ ká sókè. Ojú ṣì máa ń tì mí nígbàkigbà tí mo bá ń ká a. Bí ojú ṣe ń tì mí náà ni mo ń ká a.